Òtẹ́ẹ̀lì Tí Mo Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Mo ti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan rí nílùú Benin. N kò ra ilẹ̀, n kò ra bíríkì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni n kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kọ́ ọ parí, lórí àga mi ní ọ́fíìsì wa ní Sapele Road, tí mo ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Nǹkan bí ọdún 2011 ni.

Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ń ta fìríìsà ńláńlá fún àwọn tó ń ta ẹja àti ẹran, ó sì ń bá wọn tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Èmi ni akọ̀wé owó ní ẹ̀ka ti Benin. Bí òṣìṣẹ́ bá fi owó ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá kí a tó dá owó náà padà fún un. Bébà la fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Onítọ̀hún á kọ ohun tó ná, máníjà wa á fọwọ́ sí i, èmi á sanwó. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé òun fún géètímáànù ní igba náírà kó tó ṣí géètì, máníjà á rẹ́rìn-ín, á sì fọwọ́ sí i, nítorí òun náà mọ géètímáànù ọ̀hún.

Àfi bí olú ilé-iṣẹ́ wa ní Èkó ṣe ra ètò orí kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n ní kò sí bébà mọ́. Gbogbo ẹni tó bá náwó gbọ́dọ̀ wọ inú ètò náà lórúkọ ara rẹ̀, kó yan irú ìnáwó tó jẹ́, kó kọ iye rẹ̀, kó sì fi àwòrán rìsíìtì tì í lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá fi àmì pupa sí, bí o kò bá kọ nǹkan síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí o kọjá. Mo ti pàdé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà rí, mo sì ti jókòó níwájú àwọn àna lọ́jọ́ ìdána, n kò tíì rí ẹni tó mọ ìbéèrè í béèrè tó kọ̀ǹpútà yẹn.

Rìsíìtì ló wá di ogun. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́kadà ní Ring Road pé kó já rìsíìtì fún yín, ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò pe bàbá yín. Ìyá onírẹsì kò ní, ẹni tó ń ta bẹntiróòlù inú jálá kò ní. Nítorí náà, kálukú lọ sí Oba Market, a ra ìwé rìsíìtì tiwa. Èmi nìkan ní oríṣi mẹ́ta, mo sì ní bírò búlúù, dúdú àti aláwọ̀ ewé, kó má baà dà bíi pé ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Ìnáwó òtítọ́ ni a ń kọ sí i o, rìsíìtì rẹ̀ nìkan ni irọ́. Bí mo ṣe ń tu ara mi nínú nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Àkúrẹ́ ni ilé àti ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù ló máa ń wá lò ní Benin, tí yóò tún àwọn fìríìsà tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa ṣe. Ọmọ Èkìtì ni. Kì í purọ́, kì í sì í mọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń purọ́ fún un. Kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ti ná owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán lọ́kàn: gbogbo rẹ̀ pátá ni yóò fi kan òrùlé ilé tó ń kọ́ sílùú rẹ̀. Ó mọ iye páànù tí yóò lò, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ẹ̀gbọ́n kì í sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé ní Iyaro, ìyá arúgbó kan tó ti ta aṣọ ní Oba Market fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbọ́n máa ń bi wá pé ojú wo ni òun yóò fi wo ìyá náà bó bá gbọ́ pé òun wọ ìlú, òun sì lọ sanwó oorun bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í mi apá wọlé àgbà. Bó bá ti ń bọ̀, yóò ra iṣu, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti kẹrosíìnì. Nígbà ayé bébà, ohun tó máa ń kọ ni pé "ẹrù tí mo gbé lọ sílé ìyá mi," máníjà á sì fọwọ́ sí i kíákíá, torí pé gbogbo rẹ̀ kò tó owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan.

Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ fi iṣu náà sábẹ́ oúnjẹ, ó ní ó ti pọ̀ jù fún èèyàn kan. Mo fi sábẹ́ ibùsùn, ó ní kí n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà yàrá, iye ọjọ́, kí n sì mú rìsíìtì wá. Oṣù méjì kọjá, wọn kò san kọ́bọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹja tó rà lóṣù kẹta ti kéré, ìtìjú sì ń bá a. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fún un láti fi wọ inú ètò náà sí bébà kékeré kan, ó gbé e fún mi, ó ní, "Àbúrò, bá mi ṣe é."

Mo bá a ṣe é. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, bí inú bá sì ń bí mi, ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sí, mo tẹ̀ ẹ́ pé "Ìyá Àgbà Guest House, Iyaro." Wọ́n béèrè nọ́ńbà yàrá, mo tẹ ẹẹ́ta. Yàrá méjì péré ni ìyá náà ní. Mo fi bírò aláwọ̀ ewé já rìsíìtì rẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Àmì pupa di aláwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nǹkan kékeré kan wà tí mo fi kún un. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ná jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà àti owó wẹ́wẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì wo ló ń gba owó wẹ́wẹ́? Mo sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. N kò mú nínú rẹ̀ o, inú àkáǹtì Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó bi mí pé kí ló dé tí owó náà fi lé, mo ní ilé-iṣẹ́ ló fi kún un. Ó ní Ọlọ́run yóò bù kún ilé-iṣẹ́. Mo ṣe àmín.

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ lóṣooṣù, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Mo máa ń bi Ẹ̀gbọ́n bóyá ó sùn dáadáa, bí ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ètò náà kì í gbàgbé nǹkan kan, ó sì ń fi ìlú wéra. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti Èkó pé nínú gbogbo ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ ní, Benin nìkan ló rí òtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin máníjà wa. Ó ka lẹ́tà náà sí wa létí ní ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tún un kà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún òun ní nọ́ńbà fóònù òtẹ́ẹ̀lì náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lè máa dé síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dọ̀bálẹ̀ bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fún un ní nọ́ńbà síìmù mi kejì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akọ̀wé owó, tí mo tún di olùgbàlejò. Bí síìmù kejì bá ti dún, mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá yàrá ni, màá sáré gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Màá yí ohùn padà, màá sọ ọ́ ní Pidgin, nítorí gbogbo wọn ló mọ Yorùbá mi. "Abeg, we don full. Try next month." Máníjà pè lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ láàárín èmi àti òun. Mo fi ọwọ́ di ikùn bí ẹni tí inú ń run, mo sá jáde. Nígbà tí mo wọlé padà, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó wá ń sọ fún mi pé òtẹ́ẹ̀lì yẹn mà ń tà o, pé obìnrin tó gbé fóònù níbẹ̀ kò lọ́yàyà rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe bí ọjà bá ti ń yá.

Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ń kún nígbà gbogbo kò ní ṣàì níyì. Lóṣù kọkànlá tí mo dá a sílẹ̀, Èkó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe àdéhùn ọlọ́dún kan, kí wọ́n máa fi yàrá méjì sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ní ọ́dítọ̀ kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá wo ibẹ̀, kó sì bá ẹni tó ni ibẹ̀ buwọ́ lùwé. Oorun kúrò lójú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe iṣẹ́ tèmi nìkan. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe orúkọ mi. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n bá sì lé fún jìbìtì ní ilé-iṣẹ́ wa kì í gba kọ́bọ̀ owó ìfẹ̀yìntì.

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá ìyá ní Iyaro. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé òun á ní òtẹ́ẹ̀lì kí òun tó kú, ó wá bi mí bóyá omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ fún àlejò náà pé ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ni òun ń gbà lóòjọ́. Ẹ̀rín náà dá.

Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta aṣọ, kò sì sí ọjọ́ tí n kì í purọ́ iye tí mo rà á. Ọjà nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó sínú ilé mi kí n ní mo gba owó oorun lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á ní irú ẹbí wo ni wá?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ohun tó gbà kò ju pé òun kò ní sọ ohun tí wọn kò bá bi òun. Mo gbé ìyẹn lọ sílé bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó yẹ kí n lọ bá Ẹ̀gbọ́n, tó wà nílùú lọ́sẹ̀ náà, kí n jẹ́wọ́ fún un. N kò lọ. Ojú ń tì mí, mo sì rò pé ẹnu iṣẹ́ ni yóò wà ní gbogbo ọjọ́bọ̀.

Ọ́dítọ̀ náà dé. Ọmọbìnrin kan ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó kúnlẹ̀ kí mi, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí ju ti máníjà lọ. A wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, mo ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, mo sì ń gbàdúrà kí táyà jò. Kò jò. Nígbà tí a dé Iyaro, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n, nínú bùbá funfun. Ìyá ti sọ fún un pé àlejò ń bọ̀ láti Èkó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá kí wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ọmọ ilé ṣe.

Ọ́dítọ̀ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń wá pátákó orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá, wọ́n sì gbé iyán síwájú rẹ̀ kó tó lè béèrè ohunkóhun. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé yàrá kẹta ńkọ́. Ìyá ní yàrá méjì ni òun ní, àfi bí wọ́n bá ń ka ilé ìdáná. Mo ń wo ilẹ̀.

Ìyá kò sì sọ ohun tí wọn kò bi í, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má dúpẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́dítọ̀, ó ní ilé-iṣẹ́ wọn mà mọ èèyàn í kí o, pé oṣù kan kì í kọjá kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí òun láti ọwọ́ ọmọ òun. Ọ́dítọ̀ bi í pé owó wo. Ìyá wọ yàrá, ó mú ìwé kan jáde.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í gbàgbé ẹ̀bùn. Ẹni tó bá fún wọn ní nǹkan, wọ́n á kọ ọ́ pa mọ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe onítọ̀hún lóore padà lọ́jọ́ tirẹ̀. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n gbé wá ló wà níbẹ̀: iye iṣu, iye epo, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ́jọ́ náà. Nísàlẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ló kọ "kíkí ilé-iṣẹ́" sí, pẹ̀lú iye rẹ̀. Owó tó lé yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n kò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ó rò pé ilé-iṣẹ́ fi kí ìyá òun ni, ó sì ń jíṣẹ́.

Ọ́dítọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ó ro ti oṣù kìíní pọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méje àti ààbọ̀ géérégé. Ó ro ti oṣù kejì, bákan náà. Kò ro ti ìkẹta mọ́. Ó yí kọ̀ǹpútà sí Ẹ̀gbọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Orúkọ yín ló wà níbí pé òtẹ́ẹ̀lì lẹ sùn sí, pé iye báyìí lẹ san. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú. Ó ka orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà, ó wo ìyá, ó wo inú ilé yíká. Lẹ́yìn náà ló wo mí. Kò wò mí pẹ̀lú ìbínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń retí pé màá ní àlàyé kan tó dáa, torí pé mo máa ń ní in. Mo gbójú sá, ó sì bọ́ awò ojú náà.

Ó ní, "Orúkọ mi ni."

Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, yóò dákẹ́ pẹ̀lú mi títí wọn yóò fi gba òrùlé yẹn lórí rẹ̀. Mo ti ń purọ́ fún oṣù mọ́kànlá tẹ̀rín-tẹ̀rín, n kò mọ̀ pé òtítọ́ lè wúwo lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kò mọ nǹkan kan." Mo ṣí báàgì, mo kó ìwé rìsíìtì náà jáde, mo kó bírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ni obìnrin tí kò lọ́yàyà lórí fóònù, ọ́dítọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbà pé ẹ̀rín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi padà sí Èkó.

Wọn kò lé mi, torí pé n kò mú kọ́bọ̀ nínú owó náà. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n yọ owó tó lé náà nínú owó oṣù mi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, máníjà sì yọ lẹ́tà rẹ̀ lára ògiri, kò bá mi sọ̀rọ̀ tó dáa fún oṣù kan. Ọ́dítọ̀ kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé Ẹ̀gbọ́n kò ní ẹ̀bi, pé òṣìṣẹ́ tó bá sùn sílé ẹbí gbọ́dọ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Wọ́n fi ààyè tuntun kún ètò náà: "Ilé ẹbí." Kó tó di oṣù méjì, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ní àǹtí ní gbogbo ìlú tí ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀ka sí, títí kan àwọn ìlú tí wọn kò dé rí. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n kò bá mi wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún mi. Ó fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó wọ awò ojú, ó ní, "Àbúrò, kọ́ mi." Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, ibi tí wọ́n ń kọ iye sí, ibi tí wọ́n ń fi àwòrán sí. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, iṣu, epo, ẹja, pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó bi mí báwo ni èèyàn ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí. Mo fi hàn án.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o kò mú owó. Orúkọ mi lo mú, o sì fi ń ṣeré."

Ó gbé ìka lé kọ̀ǹpútà, ó dúró, ó rọra ní, "Jọ̀ọ́, kọjú síta." Mo kọjú sí fèrèsé. Mo ń gbọ́ ìka rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń wá lẹ́tà kiri, ó ń pẹ́ kó tó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò yíjú padà títí ó fi ní ó ti tó.